Ẹ̀ka Ìsàlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹta

Àmì-Ẹ̀yẹ ni yóò tún ka òdòdó lọ́dún yìí. Setsu tó ń ta dángò, àkàrà ìrẹsì aládùn, lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ààfin ló sọ fún mi, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Muraoka ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn, n ò pè é ní nǹkan mìíràn nínú ìwé yìí.

Gbogbo ìlú ló mọ ẹ̀ka náà: ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi sakura àtijọ́, èyí tó tẹ̀ sórí omi tó yí odi ààfin ká. Bí òdòdó márùn-ún bá là lórí rẹ̀, Àmì-Ẹ̀yẹ á kéde pé ìgbà òdòdó ti dé, àwọn oníròyìn á ya fọ́tò rẹ̀. Ta ló gba ẹ̀ka náà là? Ọkọ mi ni! Nígbà tí ìjì fà á ya, tí gbogbo wọn ní kí wọ́n gé e, Tadasuke fi okùn koríko dì í, ó fi òpó gbé e ró, ó tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta bí aláìsàn. Muraoka, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ń bá a di àkàbà mú. Tadasuke kú — ẹni tó di àkàbà mú gba àmì-ẹ̀yẹ. Ọdún kọkànlá rèé, kò dárúkọ ọ̀gá rẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Màá dójú tì í.

Ìṣẹ́gun, 26

Àfẹ̀mọ́júmọ́. Mẹ́ta ti là. Mo já méjì.

Nílùú yìí, ọmọdé gan-an kì í já òdòdó sakura. Bó bá já a, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Mo kó wọn sínú àpò ẹ̀wù mi, mo sì kí ẹni tó ń gbálẹ̀ pé ó kú iṣẹ́.

Ọjọ́rú, 27

Àmì-Ẹ̀yẹ dé fìlà tuntun wá. Kámẹ́rà mẹ́ta. Ó na ìka: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin... Ó yí ẹ̀ka po. Ó ní òtútù àná ló fà á, kí wọ́n ṣe sùúrù. Mo wà láàárín èrò, mo fi ìbòmú bo ẹ̀rín mi. Ó dùn mọ́ mi dé eegun.

Ọjọ́bọ̀, 28

Mo tún lọ já a láfẹ̀mọ́júmọ́; méjì péré ló rí kà lónìí!

Ẹtì, 29

Àwọn ẹ̀ka òkè ti funfun báláú. Èrò ti tẹ́ ọ̀rá aláwọ̀ búlúù wọn sábẹ́ igi, wọ́n ń mu sakè, ọtí ìrẹsì. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ nìkan ló ṣófo. Bàbá kan tí ọtí ti ń pa pariwo pé, "Ọ̀gá, ṣé kí n yá yín ní awò ojú mi ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Etí Àmì-Ẹ̀yẹ pọ́n bí ata.

Mo ra dángò mẹ́ta, orí ìnàró ni mo ti jẹ ẹ́ tán. Setsu ní, "Hisano, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín láti ìjẹta?" Mo ní òdòdó ni.

Àbámẹ́ta, 30

Mo to gbogbo èyí tí mo ti já síwájú fọ́tò Tadasuke. Mọ́kànlélógún. Mo ní, "Bàbá, wò ó, mò ń gbẹ̀san rẹ." N ò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn. Kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òdòdó.

Àìkú, 31

Setsu sáré wá. Àmì-Ẹ̀yẹ ti sọ pé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ń kú, pé kí àrùn má bàa ran gbogbo igi, òun máa gé e lọ́la, aago mẹ́wàá. Setsu ní, "Ṣebí àwọn àgbà ní òmùgọ̀ ló ń gé sakura? Kí ló dé sí ọkùnrin yìí?"

Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi pa iṣẹ́ ọkọ mi.

Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀ka lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo tẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹrin

Mo lọ. Ayùn wà nílẹ̀, àkàbà ti dúró, àwọn oníròyìn ti pé. Mo kígbe pé ẹ̀ka yẹn ò ṣàìsàn, èmi ni mò ń já òdòdó rẹ̀. Gbogbo kámẹ́rà yí sí mi. Mo wá sọ ìyókù — ta ló di okùn, ta ló kàn di àkàbà mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe orúkọ Tadasuke, kí wọ́n lè kọ ọ́ dáadáa. Mo rò pé ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́.

Àmì-Ẹ̀yẹ sún mọ́ mi, ó tẹrí ba, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ẹlòmíràn má gbọ́: "Ìyàwó ọ̀gá, láti Ọjọ́rú ni mo ti rí ojú ibi tí wọ́n ti já a. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọṣẹ́ ni? Mi ò ní gé nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí olè náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síwájú kámẹ́rà ni."

Ó wá yíjú sí àwọn oníròyìn, ó nu omi ojú.

Ìṣẹ́gun, 2

Ó ti jáde nínú ìwé ìròyìn, ojú ewé kẹta. Wọ́n ní opó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ló ń já òdòdó ọgbà. Wọ́n ní Ọ̀gbẹ́ni Muraoka, ẹni tó gba ẹ̀ka náà là, ti dárí jì í.

Orúkọ Tadasuke wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, kò sí àṣìṣe kankan: ọkọ olè òdòdó.