Mo Ti Lọ Sórí Omi, Bàbá Mi

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Inú gáréèjì ni mo jókòó sí tí mo ń kọ̀wé yìí. Mo ṣí ilẹ̀kùn ńlá yẹn sílẹ̀ gbayawu bí ẹ ṣe máa ń ṣí i nírọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ ó wà lórí àga rọ́bà yín, tẹ́ ẹ ó máa kí gbogbo ẹni tó bá ń fa ajá rẹ̀ kọjá ní Yorùbá. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó ajá o. Àwọn náà á juwọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà bi mí lọ́jọ́ kan pé níbo ni bàbá ìrọ̀lẹ́ wà. Mo sọ fún un pé ẹ ti kú. Ó ṣí fìlà, ó ní òun ò mọ̀. Òun àti ajá rẹ̀ sì lọ.

Ooru Houston ò tíì yí padà. Òjò náà ò yí padà. Tó bá ti ń rọ̀ báyìí, mo ṣì máa ń retí kẹ́ ẹ gbé agbòjò, kẹ́ ẹ lọ wo bí omi ṣe ga tó nínú kòtò ẹ̀yìn ilé, kẹ́ ẹ padà wá pẹ̀lú ṣòkòtò tó tutù dé orúnkún, kẹ́ ẹ ní omi yìí ò dáa. Ìwọ̀nba òjò tí ò tó nǹkan ni nígbà míì. Síbẹ̀ ẹ ò ní sùn títí á fi dá.

Ní lábù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí n lọ lo ìsinmi mi, pé ó ti ń kóra jọ jù. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo ìsinmi mi ń lọ, bí kò ṣe dókítà ojú, dókítà ọkàn ni. Báyìí mo ní ìsinmi, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Denise tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá fi fọ́tò ibi tó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá hàn mí. Alaska ni, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí òkun ti wọ àárín àwọn òkè, tí yìnyín ńláńlá ń léfòó lórí omi. Amọ̀nà á kó èèyàn lọ, wọ́n á rin inú igbó, wọ́n á sùn nínú àgọ́, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní kayak, wọ́n á máa tù ú láàárín yìnyín. Mo wo fọ́tò yẹn títí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kò sí ẹni tó máa sọ fún mi pé kí n má lọ.

Torí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́. Ní Ẹ̀pẹ́ tá a dàgbà sí, gbogbo ọmọ ilé ló ń lọ sétí ọ̀sà lọ ṣeré. Tèmi yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí iyanrìn ọ̀sà lẹ́sẹ̀ mi, mo ti jẹgba nìyẹn. Mo dàgbà, mo bímọ, mo kọ́lé sí ìlú òyìnbó, mi ò mọ̀wẹ̀. Mo rò pé líle yín ni.

Ìgbà tá a gbé yín lọ sílé fún ìsìnkú ni mo tó gbọ́. Ìyá Adúkẹ́, ìbátan yín tó ti darúgbó gan-an, jókòó tì mí lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti lọ. Wọ́n ní, “Ìwọ ò mọ̀ pé bàbá ẹ ní àbúrò ọkùnrin?”

Mo ní, “Rárá, mà.”

“Ó ní in. Ọmọdé ni àwọn méjèèjì nígbà tí ọkọ̀ dojú dé lórí ọ̀sà. Bàbá ẹ fi ọwọ́ kan di ọkọ̀ mú, ó fi èkejì di àbúrò ẹ̀ mú. Nígbà tí àwọn apẹja dé ọ̀dọ̀ wọn, òun nìkan ló kù. Látọjọ́ náà, wọn ò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ yẹn níṣojú ẹ̀. Èmi pàápàá ò rántí orúkọ náà mọ́.”

Bàbá mi, kí ni orúkọ rẹ̀? Gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi wà lọ́dọ̀ mi níbí ní Missouri City, tá a jọ ń jẹun alẹ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ẹ sọ fún Mọ́mì?

Mo pe Sìmí ọmọ mi ní Dallas pé mò ń lọ sí Alaska.

Ó ní, “Mummy, camping? Ẹ̀yin? With who?”

“A pọ̀. Amọ̀nà wà pẹ̀lú wa.”

Ó bi mí, “Ṣé because of Grandpa ni?”

“Mo ní ìsinmi tí mo fẹ́ lò ni.”

“Okay. Ṣáà máa text mi every day, please.”

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Mo sọ fún un, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń mí kanlẹ̀.

Dana ni orúkọ amọ̀nà wa, ọmọbìnrin kan tí kò lè dàgbà ju Sìmí lọ, ó ga, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí oòrùn. Tọkọtaya wà láàárín wa, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà wà. Gbogbo wọn ló wá ní méjìméjì, àfi èmi àti bàbá àgbàlagbà kan láti Ohio tó ń jẹ́ Walt, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Bí wọ́n ṣe fi èmi àti Walt sínú ọkọ̀ kan náà nìyẹn. Wọn ò bi wá.

A kọ́kọ́ rin inú igbó. Igbó yẹn ò jọ tiwa rárá. Ó dákẹ́, ó tutù, ewéko rírọ̀ bo gbogbo igi bí aṣọ òtútù. Dana ní ká máa pariwo bá a ṣe ń rìn, kí béárì lè gbọ́ pé a ń bọ̀, kó yà fún wa. Àwọn yòókù ń pariwo lédè òyìnbó. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún ẹranko tó ni ilé, mo bá ní, “Àgò o, onílé.” Dana bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní ohun tá a máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ni, ká tó wọlé onílé. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń sọ “Ago o” pẹ̀lú ohùn òyìnbó wọn. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo wẹ̀yìn kí n wo ẹni tí màá fojú bá sọ̀rọ̀, ẹni tó gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Kò sí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, kálukú wọ àgọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà mo ń rí òjìji àwọn tọkọtaya, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. Mo fi báàgì mi sí ibi tí ẹnì kejì ì bá sùn sí.

Ọjọ́ tá a sọdá apá òkun kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Omi tẹ́jú nígbà tá a gbéra. Wọ́n ti so ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì mọ́ mi láyà, wọ́n fi fèrè kọ́ ọ lọ́rùn. Èmi wà níwájú, Walt wà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ló fi ń darí ọkọ̀. A ti dé àárín kí afẹ́fẹ́ tó dé. Kò ṣe bí ẹni ń bọ̀, ó kàn dé ni. Àwọn yòókù ti ṣíwájú, wọ́n ti yà kọjá àpáta kan, a ò rí wọn mọ́.

Walt ní, “Èjìká mi. Mi ò lè gbé e sókè mọ́.”

Mo ní, “Ẹ sinmi. Màá tù ú.”

Mo fọn fèrè, mo tukọ̀. Mo tún fọn fèrè. Afẹ́fẹ́ ń tì wá lọ síbi yìnyín kan tó tóbi ju ilé wa lọ. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń pe Bàbá mi, Bàbá mi, kì í sì í ṣe Ọlọ́run ni mò ń pè. Ẹ̀yin ni.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi tí òtútù ti pa ti ṣí. Mo ń wò ó. Mi ò sọ pé kó ṣí, mo tiẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣí, àwọn ìka mi rọra tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò lára àjẹ̀ tí mo fi ń tukọ̀, bí ẹni pé wọn kì í ṣe tèmi. Àjẹ̀ bọ́ sómi. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ọkọ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ kó lọ.

Mo fi eyín fa okùn náà, mo gbá àjẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́, mo ń tù ú bí mo ṣe lè tù ú. Dana ló yọ láti ẹ̀yìn àpáta yẹn. Ó so okùn mọ́ iwájú ọkọ̀ wa.

Ó ní, “Má dúró o. Mi ò lè dá fà yín.”

Mi ò dúró. A débùúté.

Wọ́n fún wa ní tíì gbígbóná. Walt jókòó sórí igi tó wó, ó sún kí n lè jókòó. Ó ní, “O ń pe ẹnì kan níbẹ̀ yẹn.”

“Bàbá mi ni.”

“Ṣé ó ṣì wà láyé?”

“Rárá.”

Ó mi orí. Ó da díẹ̀ nínú tíì tirẹ̀ sínú ife mi.

Bàbá mi, ẹ ò ju àbúrò yín sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín láti ọ̀nà jíjìn yẹn nìyẹn. Ọwọ́ ló máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Mo ti rí i, àgbà ni mí, kò sì gbọ́ tèmi. Ọmọdé ni yín lọ́jọ́ náà. Ká ní ẹ sọ fún mi, ǹ bá ti sọ ọ́ fún yín nínú gáréèjì yìí. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, mi ò tíì lọ sórí omi. Ṣé ẹ̀ bá gbà mí gbọ́?

Nígbà tí mo dé, wọ́n bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mission Bend. Arábìnrin kan ní, “Ẹ̀yin nìkan, Sister? Nínú yìnyín? Kí lẹ wá lọ?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ Olúwa ni. Kì í ṣe irọ́.

Lánàá, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní lílúwẹ̀ẹ́ ní Rosenberg. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Olùkọ́ fi ọwọ́ sẹ́yìn mi, ó ní kí n dùbúlẹ̀ lé omi, kí n má bá a jà. Mo dùbúlẹ̀. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó ti yọ ọ́. Omi gbé mi. Omi bo etí mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan, òrùlé funfun ni mò ń wò. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, Bàbá, pẹ̀lú ṣòkòtò yín tó tutù dé orúnkún, kẹ́ ẹ bínú sí mi gidigidi, kẹ́ ẹ ní kí n jáde kúrò nínú omi náà kíákíá.

Ǹ bá jáde.

Ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
ní Missouri City