Ẹ Gbé Mi Dé Àgbálùmọ̀

Ìkòsì, Ketu,
Èkó.

Ọlọ́runtóbi, ọmọ mi,

Báwo ni ará ilé Abẹ́òkúta? Ṣé ara Adédiwúrà ìyàwó rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ara tèmi náà dá ṣáká, àfi orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ẹ́. Tí mo bá pè ẹ́, o ò ní jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Lẹ́tà yìí, wàá kà á dópin.

Àǹtí rẹ Nusirat ti ròyìn fún ẹ pé mo sọnù níbí lóṣù tó kọjá, o sì ní dandan ni kí n kó ẹrù mi wá bá yín gbé. Ẹnu àbúrò mi yẹn kì í dákẹ́! Ṣùgbọ́n kò purọ́. Wọ́n ń ṣe gọ́tà lẹ́nu àdúgbò wa, kẹ̀kẹ́ tó gbé mi láti Mile 12 bá gba ẹ̀yìn, ó sọ̀ mí kalẹ̀ síbì kan. Mo wo ọ̀tún, ilé alájà. Mo wo òsì, ilé alájà. Háà! Ibi tí mo ti ń he ìgbín lọ́mọdé, mi ò mọ̀nà ilé níbẹ̀ mọ́. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ní bóyá òótọ́ ni Tóbi ń sọ, ó ti tó kí n kúrò.

Onídìrí kan tó ń jẹ́ Loveth ló gbé àga fún mi. Ó ní, "Mummy, sit down first. Níbo lẹ ń gbé?" Mo ní, "Ìdí àgbálùmọ̀."

O rántí igi yẹn, èyí tí bàbá mi gbìn síwájú ilé. O ò tíì wọ sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n fi gé e kí títì lè fẹ̀. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká èso rẹ̀. Èyí tó bá fúnra ẹ̀ já ló dùn, ẹni tó bá sì bá a nílẹ̀ ló ni ín, ì báà ṣe ọmọ onílẹ̀, ì báà ṣe àlejò tó dé lánàá. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí pé igi ò sí mọ́. Mo ní ó parí, obìnrin yìí á ní orí ìyá yìí ti dàrú.

Loveth kàn nawọ́ sí ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan ni: "Oga, abeg, carry Mummy reach Àgbálùmọ̀." Ìyẹn ò bèèrè nǹkan kan. "Ẹ wọlé, Mummy." Nígbà tá à ń lọ, mo bi í bóyá ó rí igi náà rí. Ó ní, "Igi kẹ̀? Bọ́sítọ́ọ̀pù ni èmi bá a o." Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò tíì pẹ́ tó dé. Tóbi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Odò la ti ń pọnmi nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí mò ń rọbí ẹ, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ni bàbá rẹ gbé mi sí lọ sí ọsibítù. Lónìí, ilé nọ́ọ̀sì ò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa, omi sì ń yọ nínú ọgbà. Àwọn kan nínú ẹbí ń ráhùn pé àlejò ti gba ìlú mọ́ wa lọ́wọ́. Èmi ò bá wọn ráhùn. Àwọn àlejò yìí ò tọ́ àgbálùmọ̀ bàbá mi wò rí, síbẹ̀ àwọn ló ń pè é láàárọ̀, lálẹ́.

Nítorí náà, má bínú, ìbẹ̀wò nìkan ni màá máa bá wá sí Abẹ́òkúta. Bí mo bá tún sọnù, wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa gbé mi dé.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fojú rí gbogbo èyí á jẹ́ kí ìwọ náà dàgbà, kó o rí ire tó jù báyìí lọ. Àwọn ọmọ rẹ ò ní ṣìnà o.

Èmi ni ìyá rẹ tí wọ́n ti rí,
Àrìnkẹ́.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: lọ́jọ́ tí mo délé yẹn ni mo gbin hóró àgbálùmọ̀ sínú garawa kan níwájú ilé. Ó ti ń yọ ewé. Mi ò ní jẹ nínú èso rẹ̀, mo mọ̀. Bó bá so, ẹ má ká a o. Ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ já.