Àwọn Ọmọ Gúùsì Tó Fi Sùtánà Ṣe Ìyá

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Ajángbádì,
Ọ̀jọ́, Èkó.

Ìyá Làtífù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékúmù ni mo kọ́kọ́ fi ṣíwájú, kí o má baà sọ pé ará sùtánà ò mọ ìkíni. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ṣé wọ́n ti ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ẹ̀yìnkùlé? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà ní Ìsẹ́yìn. Ní tèmi, ara mi le koko bí ọta, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó.

Mo mọ̀ pé o máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Bámikẹ́ ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò dáa, ìparí rẹ̀ ló dáa. Bí mo bá pè ọ́, wàá bú sẹ́kún níbi ìbẹ̀rẹ̀, wàá sì gé fóònù mọ́ mi létí. Lẹ́tà kò ṣeé gé. Jókòó, kà á tán, kí o tó pariwo.

Abo gúùsì rẹ ti kú.

Mo ní kí o jókòó! Mi ò gbàgbé ọjọ́ tí o ń lọ. O di ọwọ́ mi mú lẹ́nu géètì, o ní, “Bámikẹ́, àmánà ni mo fi sílẹ̀ fún ọ o. Takọ-tabo gúùsì yìí ni Yésúfù ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ rà kó tó kú. Bí wọ́n bá parun, kò sí ohun tí mo tún ń padà wá wò ní Èkó mọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Láti ogún ọdún tí a ti jọ ń gbé ojúlé yìí, ìwọ ni mo ní. Ṣé kí n wá pàdánù rẹ nítorí pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn? Ó ti o.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ó ti sàba lórí ẹyin mẹ́fà fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì máa ń dìde lẹ́ẹ̀kan láràárọ̀ lọ mu omi. Ní Ọjọ́rú yẹn, mo ru omi wọlé, mo sì gbàgbé láti ti géètì. Ó jáde lọ síbi gọ́tà, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sì gbá a. Mi ò ní purọ́ mọ́ onímárúwá. Èmi tí mo ṣí géètì sílẹ̀ ni mo fà á. Akọ rẹ̀ dúró ti ìtẹ́ náà, ó ń ké ṣáá, èmi náà jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kú. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Nígbà tó yá, mo nu omijé nù. Ẹyin ṣì gbóná. Mo kó wọn sínú páálí, mo fi àkísà tẹ́ ẹ, mo gbé àtùpà sí tòsí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mò ń yí wọn, tí mo sì ń wọ́n omi lé wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, mo gbọ́ “píì” nínú páálí. Ta ló fẹ́ lọ pààrọ̀ aṣọ? Ilẹ̀ ni mo jókòó sí títí di ọ̀sán. Ọ̀kan ò yè, ṣùgbọ́n márùn-ún jáde, wọ́n rí múlọ́múlọ́ bí òwú aláwọ̀ ìyeyè. Mo jó o, orúnkún tàbí kò sí orúnkún.

Ní ọjọ́ kejì, mo ró aṣọ àǹkárá, mo wọ sílípáàsì, mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Wọ́n sá mọ́ ògiri, wọ́n ń ké bí ẹni pé gbọ́mọgbọ́mọ ló wọlé. Mo rò pé àìsàn ni. Àfìgbà tí mo wọ sùtánà fún àdúrà ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo wọn tú jáde, tí wọ́n ń ṣa ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi jẹ. Hẹ̀n-ẹ́n! Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ lajú rí ni wọ́n fi ṣe ìyá. Mo tún fi aṣọ ìbora funfun dán wọn wò pẹ̀lú sílípáàsì, wọ́n kàn ń wò mí bí olè. Mo bọ́ sílípáàsì, wọ́n sáré wá. Aṣọ funfun nìkan ò tó wọn, wọ́n fẹ́ ẹsẹ̀ lásán mọ́ ọn.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi sùtánà da gúùsì nìyẹn, títí Wòlíì Àkàndé, olórí ìjọ wa, fi rí mi nínú koríko. Wọ́n pariwo, “Mọ́mì! Aṣọ mímọ́ kọ́ ni aṣọ olùtọ́jú pẹ́pẹ́yẹ o!” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sì rán gáùn funfun kan lásán fún iṣẹ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n pé nígbà tí ìjọ wa ṣe ìwọ́de ìkórè, láti Ajángbádì dé Òkókómáíkò. Orúnkún ò jẹ́ kí n lọ. Mò ń po èérí ògì fún wọn nílé nígbà tí agogo àti orin ń kọjá lójú pópó. Géètì wà ní títì o, mo ti kọ́gbọ́n! Abẹ́ rẹ̀ làwọn ọmọ gbà. Kí n tó dìde, àwọn márààrún ti wà láàárín ọgọ́ta èèyàn aláṣọ funfun, ọgọ́ta ìyá! Mo sáré jáde pẹ̀lú àǹkárá, mò ń pè wọ́n, wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Márúwá ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, lójú títì kan náà tí ìyá wọn kú sí. Ohùn rẹ lẹ́nu géètì ni mò ń gbọ́. Mo ké, “Bàbá Wòlíì, ẹ gbà mí o! Àmánà ọ̀rẹ́ mi ni!”

Wòlíì gbé ọwọ́ sókè. “Gbogbo ìjọ, ẹ dúró! Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́sẹ̀!” Orin dákẹ́. Wòlíì fúnra wọn wá yí padà, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sílé, tàwọn ti agogo lọ́wọ́. Ìwọ̀nba funfun tó ń rìn lójú títì nìyẹn, làwọn ọmọ bá tò tẹ̀lé wọn lẹ́yìn gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo, “Pásítọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ!” Nígbà tí wọ́n wọlé tán, Wòlíì nu òógùn, wọ́n ní, “Mọ́mì, ẹ fi búlọ́ọ̀kù dí abẹ́ géètì yìí.” Mo ti dí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n ti pé oṣù méjì báyìí, wọ́n ti ń hu ìyẹ́. Bàbá wọn ń tẹ̀lé wọn káàkiri bíi sójà Navy Town. Ìyá Làtífù, àmánà rẹ ò parun. Èjì lo fi sílẹ̀, mẹ́fà ló ń dúró dè ọ́. Nítorí náà, nígbà tí ara Màmá bá le, o ò ní àwáwí kankan mọ́. Àwọn ọmọ ò mọ̀ ọ́ rí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣòro. Híjáàbù funfun tí o máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀ ni kí o wọ̀ bọ̀.

Kí Ọlọ́run tí àwa méjèèjì ń pè fún Màmá ní ìlera pípé. Kò ní fi ọ́ ṣe àwátì lójú mi. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ, òun náà ni yóò gbé ọ padà wá bá wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó di ìyá gúùsì,
Bámikẹ́.

Mo tún rántí o: Bí o bá dé ẹnu géètì, bọ́ bàtà rẹ sílẹ̀ kí o tó wọlé, gẹ́gẹ́ bí o ṣe máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Wọn yóò sáré wá bá ọ.