Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Kí Ó Tó Já Mi Nírọ́

Bàbá mi ní Agoua,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti Savalou níbí. Mo kí ìyá mi, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń san? Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Súlè àti ìyàwó rẹ̀. Ara èmi àti Sáfíyà ọmọ mi le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Iṣẹ́ ìránṣọ mi ń lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti já owó sẹ́fà wálẹ̀, kakí tí mo fi ń rán aṣọ ilé-ìwé ti gbówó lórí, òwú náà ò gbẹ́yìn. Àwọn òbí kò kúkú lè ṣe kí wọ́n má rán an, torí náà mò ń rí jẹ. Òjò pọ̀ níbí, kùrukùru ń bo orí òkè láràárọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé Mahi ni gbogbo agboolé ń sọ. Mo gbọ́ ọ, òun ni mo fi ń nájà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀fẹ̀ bá dé ẹnu mi ní èdè wa, kò sí ẹni tí màá sọ ọ́ fún àfi ọmọ yìí.

Ìyẹn ló mú mi dé orí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi rán oní-zémìjàn, alálùpùpù akérò yẹn, sí mi. Ẹ ní bí ilé-ìwé bá ti parí lọ́dún yìí, kí Sáfíyà padà sí Agoua, pé ìwé mẹ́fà tó kà ti tó, pé àwọn ọmọbìnrin tó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Savalou kì í mọ àgbà mọ́. Bàbá, mi ò bínú. Ẹ kàn jẹ́ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àbámẹ́ta tó kọjá.

Àwọn olùkọ́ ṣe ìdíje ìbéèrè ní gbàgede ilé-ìwé. Òbí kan àti ọmọ kan ló ń jókòó pọ̀. Ẹ lè yí ìdáhùn yín padà títí olùkọ́ á fi lu agogo. Agogo bá ti dún, ó parí nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀bùn sì wà, òun ni mo ṣe lọ.

Wọ́n béèrè ìdí tí a fi ń rí mànàmáná kí a tó gbọ́ àrá. Sáfíyà ní ìgbà kan náà ni méjèèjì ń jáde, pé ìmọ́lẹ̀ ló yára ju ìró lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà, àlùbọ́sà, ti wá. Èmi ni mo gba ìyẹn: ọwọ́ Hausa la ti gbà á, àwọn náà gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Orí mi wú.

Wọ́n wá béèrè olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa. Kí ló tún le nínú èyí? Mo ké Cotonou. Ṣebí ibẹ̀ ni àwọn ìjọba wà, ibẹ̀ náà ni kakí mi ti ń wá. Sáfíyà wolẹ̀. Agogo dún. Olùkọ́ ní Porto-Novo ni. Mo bi ọmọ náà bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, àmọ́ ta ni òun tí òun á já ìyá òun nírọ́ lójú èrò. Ìyá Kòkú, ará Mahi tí ilé wa jọ kanra, gbọ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yin ará Agoua àti Bantè yìí, ẹ kì í bu òkèlè kí àgbà tó bu tiẹ̀, ẹ tún ti gbé e dé orí ìbéèrè. Ọ̀wọ̀ yín ló máa jẹ ẹ̀bùn yín mọ́ yín lọ́wọ́!

Mo sọ fún Sáfíyà pé mo fún un láyè, kí ó máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè orúkọ ewì onílà mẹ́rìnlá, kí n tó la ẹnu, ó ti ní sọnẹ́ẹ̀tì ni. Ìbéèrè ìkẹyìn ni òkun tó tóbi jù láyé. Mo tún sáré ní Àtìláńtíìkì, nítorí òun ni mo rí ní Cotonou, mi ò sì rí òpin rẹ̀. Ọmọ yìí dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní kí ìyá òun má bínú, Pàsífíìkì ni, kí n jọ̀ọ́ tètè gbà, agogo ti fẹ́ dún. Gbogbo gbàgede rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú olùkọ́. Ipò kejì la gbà. Cotonou mi yẹn ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ wa.

Bàbá, ṣé ọmọ tí kò mọ àgbà nìyẹn? Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù ni pé bó bá padà wálé báyìí, gbogbo ohun tó mọ̀ á gbẹ sí i nínú, torí kò ní sí ẹni tí yóò bi í. Mo ti ṣírò kọ́lẹ́ẹ̀jì náà: ìwé, a ó ra àlòkù, oúnjẹ, ohun tí mo bá jẹ ló máa jẹ, aṣọ, èmi ni màá rán an. Àṣẹ yín nìkan ni mi ò lè fi ọwọ́ ara mi rán. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún un.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kí iṣu yín ta dáadáa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ọmọdé àtàgbà, àti àwọn èèyàn wa ní Pira bí wọ́n bá yà kí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Àlímátù