Ìkòkò Kọfí Sìnyọ́rà

Àràmídé ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú ìwé kíkà, mo sì kí Sìnyọ́rà Piera tó gbà ọ́ sílé kú àmójútó. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa ní Thamesmead ní London níbí kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ ní Perugia ní Italy lọ́hùn-ún. Dádì rẹ ní kí n kí ọ, ó ti gbé bọ́ọ̀sì jáde. Àwa náà wà dáadáa, àfi lífìtì ilé wa ní Yarnton Way tó tún ti kọṣẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń gòkè bí mo bá ti ibi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Belvedere dé.

Ìwé ọwọ́ ni mo kọ o, má rò pé fóònù mi bàjẹ́. Ìwọ lo sọ pé wáìfáì Sìnyọ́rà lo ń lò, a kò sì lè máa gba inú ilé onílé kọjá ká tún máa sọ̀rọ̀ onílé.

Ọjọ́ tí o pè mí pé o fẹ́ fi ẹ̀kọ́ Italian sílẹ̀ kí o máa bọ̀ nílé, oorun kò kùn mí. O ní wọn kò ṣẹ̀ ọ́, oúnjẹ ń bẹ, yàrá ń bẹ, ṣùgbọ́n bí o bá ti mú abọ́ kan báyìí, Sìnyọ́rà á gbà á lọ́wọ́ rẹ, á ní kí o lọ jókòó. Ọmọ tí wọn kò jẹ́ kó fọ abọ́, àlejò ni wọ́n fi í ṣe. Dádì rẹ ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, pé iléèwé ló ń sanwó fún wọn bí ẹni ń sanwó hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ní kó dákẹ́, ta ló ń sanwó fún ẹni tó ń bá ni tọ́ ọmọ?

Ìdí tí mo ṣe ní kí o máa tètè jí nìyẹn, kí o kúnlẹ̀ kí i, kí o sì fọ gbogbo ohun tí ojú rẹ bá rí nínú kíṣìnnì. O gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ọmọ tìrẹ náà á gbọ́. Bí o ṣe fi ọṣẹ àti kànrìnkànrìn onírin ha ìkòkò kọfí rẹ̀ nìyẹn, tó ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Lọ́jọ́ Sátidé o tún pè, ẹkún lo ń sun. O ní Sìnyọ́rà rí ìkòkò náà ó figbe ta, pé ti ìyá òun ni, omi lásán ni wọ́n fi ń ṣàn án, adùn tó ti wà lára rẹ̀ láti ayébáyé lo fọ̀ dànù. O ní inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tó gbàgbé láti rọra sọ̀rọ̀ fún ọ, síbẹ̀ gbogbo Italian náà ló yé ọ. Nígbà tó bínú tán, ó ní kí o lọ ra búrẹ́dì wá, kí o má sì pẹ́ níta.

Àràmídé, bí o ṣe ń sunkún yẹn, ijó ni mò ń jó níbí. Ta ló ń bá àlejò wí? Ta ló ń rán àlejò lọ ra búrẹ́dì? Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, búrẹ́dì yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún. Obìnrin náà ti gbà ọ́. Nítorí náà, má wá sílé. Jókòó síbẹ̀ kí o parí ìwé rẹ, kí o sì bẹ̀ ẹ́ báyìí pé, “Màmá mi ló rán mi níṣẹ́, ẹ má bínú.”

Ọ̀rọ̀ òróró ló kù. Mo rí i nínú fídíò rẹ pé òróró ólífì ni wọ́n ń dà sórí ewé tútù jẹ, láìsí wòlíì kankan nítòsí. Abájọ tí ara ìyá àgbà tí mo rí nínú fídíò náà fi le. Fi ìgò ńlá ránṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tí wọ́n ń tà ní Woolwich níbí ti wọ́n jù. Kí o sì fi owó díẹ̀ tì í nínú owó oúnjẹ rẹ, kí n fi ra iṣu àti ata ránṣẹ́ sí Sìnyọ́rà, nítorí ọwọ́ òfìfo kọ́ la fi ń kí alágbàtọ́ ọmọ ẹni.

Èdè náà á yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Ẹni tó ń bá ọ wí kò ní ṣàìsàn, ilé tó gbà ọ́ kò ní dàrú. Ṣùgbọ́n mo fi ọ́ yá a ni o, n kò fi ọ́ ta á lọ́rẹ. Láti ìgbà tí o ti lọ, abọ́ ilé wa mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, n kò rí ẹni bá wí, Dádì rẹ kò sì gbà kí n bá òun wí. Lọ́jọ́ tí o bá dé, jẹun tán kí o fi abọ́ sílẹ̀ láìfọ̀, kí n lè pariwo lé ọ lórí dáadáa, kí ìwọ náà má bàa di àlejò lọ́wọ́ mi.

Èmi ni ìyá rẹ.