Àwo Tó Ń Tiro

Ọmọ mi àtàtà, abíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn àjò, mo sì kí ohùn rẹ tó ń gbé oúnjẹ wọlé fún gbogbo wa. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle, kí ọ̀fun rẹ má gbẹ, kí oorun rẹ sì dùn ju tèmi lọ. Ní tèmi, ara ò burú, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, n kò sì ní fi bò fún ọ.

O ó máa wò ó pé kí ló dé tí màmá rẹ fi jókòó ti lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù rẹ kì í ṣe tìrẹ mọ́. Ìgbà tí mo pè kẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ló gbé e, ó ní, "Ta ni kí n sọ pé ó pè?" Mo ní, "Sọ fún un pé ẹni tó bí i ni." Ó ní kí n ní sùúrù, ó sì gbàgbé mi síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí kò gbọdọ̀ gba etí ẹlòmíràn kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé e wá, kó sì fi í lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Aṣọ ni mo ń lọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo sì yí i sókè kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́. Olóòtú bi ọ́ nípa ẹjọ́ tí o pe Gbogbonìṣe, ìwọ náà sì dáhùn pé, "Títiro yẹn, inú orí mi ló ti wá. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí kí n tó dé. Ọkùnrin yẹn ló jí i gbé, mi ò sì gbọ́ orin rẹ̀ kankan rí nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, màá búra lé e níwájú adájọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ. Èmi gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí kọ́là ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ títí ó fi jó. Òórùn rẹ̀ ló mú mi padà sí ayé.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọkùnrin tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ. Wọn kì í dédé pe ènìyàn ní Gbogbonìṣe. Ó ń ta gìtá, ó ń tẹ dùùrù, ó ń fọn fèrè. Lónìí orin ijó, lọ́la orin ìfẹ́, lọ́túnla orin tí a fi ń rẹ ọmọ. Ìwọ náà, Olóhùn Méje ni wọ́n ń pè ọ́, ọ̀nà kan náà lẹ jọ ń tọ̀. Àmọ́ ohun tí gbogbo ayé fi ń dá orin tìrẹ mọ̀ ni títiro: ìlù á máa lọ geere, á ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kan mì bíi pé ó fẹ́ ṣubú, á tún gba ara rẹ̀ mú. Lọ́dún yìí ni bàbá náà gbé orin tuntun jáde, orin náà sì ń tiro. Ni o bá ní olè ni.

Rọra jókòó, kí o gbọ́ mi.

O mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo orin kí n tó bí ọ, ṣùgbọ́n o kò bi mí rí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Bóyá o rò pé mò ń gbálẹ̀ ni. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ mi, ọmọ mi. Àwa méjì là ń jókòó nínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, ohun ìgbọ́rọ̀ lórí wa láti àárọ̀. Nínú gbogbo àwo tí ẹ̀rọ bá tẹ̀, wọ́n á mú díẹ̀ wá fún wa, a ó sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bóyá ó ní àbùkù. Ẹnìkejì mi, Elétí Ajá là ń pè é, torí pé kí abẹ́rẹ́ tó dé orí ibi tó há, ó ti ń fajú ro. Èmi náà ò kẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo lóyún rẹ, iṣẹ́ Gbogbonìṣe ni wọ́n ń tẹ̀. Orin kan wà níbẹ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú rárá; òun nìkan ló lu gbogbo ohun èlò tó wà níbẹ̀, tó sì ń kùn sí i lábẹ́lẹ̀. Kókó kékeré kan yọ lára irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó rí i. Bí àwo bá ti yí dé ibẹ̀, abẹ́rẹ́ á fò díẹ̀, ìlù kan á sì di àwátì. Èmi ni mo kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n tún irin ṣe, wọ́n sì yọ́ àwọn àwo tó ti bàjẹ́. Ọ̀gá ní kí èmi àti Elétí Ajá mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sílé, torí kò ṣeé tà. Funfun ni àárín rẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí àwòrán.

Àwo kan ṣoṣo tí a ní nílé nìyẹn. Bí o bá ké, bàbá rẹ á nu eruku pákó ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, á gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ, á gbé ọ mọ́ àyà, á sì máa rìn yípo yàrá. Bí orin bá ti dé ibi tó ti ń fò, á gbé ẹsẹ̀ ga bíi pé ó fẹ́ ré omi kọjá, ìwọ á sì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, bí àwo ṣe ń tiro lo ṣe ń pa á. O kò gbọ́ èyí tó dára rí láyé rẹ. Kí o tó wọ ilé ìwé, ẹ̀rọ náà bàjẹ́, bàbá rẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà mi, ní òun máa tún un ṣe, kò tún un ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orin tìrẹ tó tiro, ẹkún ayọ̀ ni mo sun. Mo rò pé o mọ̀. Mo rò pé bàbá rẹ lò ń fi kí, pé ọ̀rọ̀ àárín wa nínú ilé ni, kò sì yẹ kí n máa sọ ọ́ síta. Àṣé o kò rántí rárá. Ta ni í rántí orin tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ kí eyín rẹ̀ tó pé?

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá orin Gbogbonìṣe wọ inú tìrẹ, n ó ní inú oyún ló ti wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá sì bi mí bóyá tìrẹ náà wọ inú tirẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Torí ọkùnrin yẹn ò gbọ́ àwo tó bàjẹ́ rí, ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ló ti lè rí i. Kò sí olè níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dùn ọ́ wọ egungun, torí títiro yẹn lo fi ń yangàn. Má ṣe rò pé mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ. Àbùkù ni lọ́wọ́ wa, a kàn fi ń tan ọmọ jẹ ni. Ìwọ lo sọ ọ́ di ohun tí odidi pápá ìṣeré ń jó sí.

Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ lórí rédíò, ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn mi, bàtà rẹ̀ ń dán, báàgì awọ wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ débi pé ara ti fu mí kó tó jókòó. Ó ní ọ̀dọ̀ lọ́yà Gbogbonìṣe lòun ti wá, pé àwọn rí orúkọ mi nínú ìwé ilé iṣẹ́ tó tẹ orin rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwo kankan ṣì wà lọ́wọ́ yín láti ibi iṣẹ́ yín àtijọ́?" Mo ní, "Àwo ọbẹ̀ lẹ̀ ń wí ni?" Ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, ó ń wo abẹ́ tábìlì, ó ń wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fẹ̀yìn tì gan-an ni àwo wà. Ó dìde, ó ní, "Bí a bá ní kí ẹ wá jẹ́rìí, ṣé ẹ ó wá?" Mo ní orúnkún mi ò gbà. Ó ní àwọn á gbé mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà.

Mo sáré pe Elétí Ajá. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀: "Ó wá síbí náà o! Ọmọ gidi ni, ó mà lẹ́kọ̀ọ́! Mo sọ fún un pé ìwọ lo kọ́kọ́ nawọ́ sókè lọ́jọ́ náà. Mo ní màá wá tèmi láàrin ẹrù." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. N kò lè bínú sí i, kò mọ̀ pé ọmọ mi lòun ń tà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àwọn lọ́yà yẹn máa ṣe. Wọn ò ní sọ nǹkan kan ṣáájú. Wọ́n á jẹ́ kí o búra tán ná, kí wọ́n tó gbé àwo síta.

Mo gbìyànjú láti fọ́ tèmi. Mo tì í mọ́ orúnkún, mo di etí rẹ̀ méjèèjì mú, mo sì dijú. N kò lè ṣe é, mo dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ni ìbá sì jẹ́ èrè rẹ̀? Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ti Elétí Ajá ṣì wà. Láti ìgbà náà, bí mọ́tò bá dúró lójúde, n ó pa rédíò, n ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọn ò ti ní rí mi láti fèrèsé, àgbàlagbà bíi tèmi.

Mo bẹ̀ ọ́, kó tó di Ọjọ́bọ̀, lọ bá lọ́yà rẹ kí ẹ fa ẹjọ́ yẹn padà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti rédíò ti fọ́, má jẹ́ kí ti ilé ẹjọ́ fọ́ mọ́ ọn. Bí ojú bá ń tì ọ́, sọ pé màmá rẹ ló ní kí o fi í sílẹ̀, kí wọ́n bú mi. Bí o bá sì ní àyà, lọ bá bàbá náà fúnra rẹ̀, kí o ro gbogbo rẹ̀ fún un. N kò mọ ohun tó máa ṣe. Ó lè lé ọ jáde. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n mú ọ nínú ìbúra èké.

Etí yìí ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun. Bí wọ́n bá gbé mi síwájú adájọ́, tí wọ́n fi àwo yẹn sórí ẹ̀rọ, tí wọ́n ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ orin yìí?" n kò ní lè sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni n ó máa wò níbi tí o jókòó sí, n ó sì fi ẹnu ara mi sọ òótọ́ tó máa bà ọ́ jẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n bi mí, ọmọ mi.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọkàn tó gbọ́ràn. Orúkọ rẹ kò ní di ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí o bá ti kọrin, ire ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn, ohùn rẹ kò sì ní há mọ́ ọ lọ́fun lọ́jọ́ tí o bá nílò rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ,
Màmá.

Àfikún: Ohun tí mo fi tówẹ́ẹ̀lì wé rán ẹ̀gbọ́n rẹ sí ọ ni àwo náà. Dígí ni mo pè é fún un, kó lè máa rọra wakọ̀. Wá ẹni tó ní ẹ̀rọ, kí o gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí o tó ṣe ohunkóhun. Bó o bá fẹ́ fọ́ ọ lẹ́yìn náà, ìwọ lo ni ín. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin oníbàtà dídán yẹn bá padà wá, tó bi mí pé níbo ni àwo wà, n ó sọ fún un pé ó wà lọ́wọ́ rẹ.