Ìdí Tí Mo Fi Ń Wọ Oko Oòrùn

Nagaveni ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le bí òkúta? Ṣé yàrá tí o háyà ní Bengaluru kò jò? Òrìṣà Hanumanta tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà abúlé wa, òun ni yóò máa ṣọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, lójú títì, àti nínú àpótí irin tó ń gbé yín lọ sókè níbi iṣẹ́, èyí tí o ní kí n má bẹ̀rù, àmọ́ tí mò ń bẹ̀rù.

Ara ìyá rẹ yá. Orúnkún mi ni kò gbọ́ràn. Màlúù Thimmakka ẹ̀gbẹ́ ilé wa bí abo, wọ́n sì sọ ọ́ ní Nagaveni, má bínú, wọ́n ní ojú rẹ̀ ló tóbi bíi tìẹ. Òjò kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n a kì í bú oòrùn mọ́ ní Bommanakere, torí oòrùn kan náà tó pa ẹ̀pà wa lọ́dún mẹ́rin léra wọn ló ń bọ́ wa báyìí, látìgbà tí a ti fi ilẹ̀ háyà fún àwọn onísólà, tí wọ́n to dígí síbẹ̀ láti fi gba iná mànàmáná lára oòrùn.

Ohun tó mú mi kọ ìwé gan-an rèé. O mọ̀ pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fẹ́ lò lórí ilẹ̀ náà, ìgbà tí wọ́n bá fi máa dá a padà màá ti pé àádọ́rùn-ún ọdún, orúnkún yìí á sì ti pé igba. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbaṣẹ́ ìfọdígí lọ́dọ̀ wọn, kí n ṣáà lè máa fojú kan ilẹ̀ mi. Káàdì ni wọ́n fi ń wọlé. Ẹni tí kò bá ní i lọ́rùn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á dá a padà, ì báà jẹ́ baba ńlá mi ló jí dìde. Shivaraju, ẹnjiníà wa, ọmọ kékeré tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì dé àgbọ̀n, sọ fún wa pé èédú ni wọ́n ń jó níbòmíràn kí iná mànàmáná tó tàn, èéfín rẹ̀ a sì máa wọ àwọn ọmọdé láyà, ṣùgbọ́n tiwa yìí kò ní èéfín rárá. Ìyá rẹ ní ilé ìdáná tí kò rú èéfín, ṣé wọ́n ń se nǹkan kan níbẹ̀ ṣá? Èmi gbà á gbọ́ o. Ó ní iná náà ń dé Bengaluru. Bí ìyàwó onílé rẹ bá tún ń pariwo pé o kì í pa fáànù, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ń fi ránṣẹ́.

Ọdún Irinṣẹ́ wá dé, tí kálukú ń súre fún irinṣẹ́ tó ń bọ́ ọ. Awakọ̀ fi òdòdó ṣe bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, Thimmakka fi àmì pupa sí ẹ̀rọ ìránṣọ, tíṣà fi sí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́. Mo wo inú ilé wa yíká, mi ò rí nǹkan kan. A ti ta akọ màlúù, ikán ti jẹ ohun ìtúlẹ̀. Mo bi ara mi pé kí ló wá ń bọ́ wa? Dígí ni. Bí èmi àti ìyá rẹ ṣe gbé abọ́ eérú lọ sí oko oòrùn nìyẹn, ẹ̀ṣọ́ sì jẹ́ kí ìyá rẹ wọlé torí ọjọ́ ọdún. A kọ́kọ́ fọ dígí ìlà mẹ́ta, wọ́n lé ní igba, a wá fi eérú mímọ́ fa ìlà mẹ́ta sójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi atalẹ̀ pupa kun òbìrìkìtì kan sáàárín, a tẹ àmì pupa sí i. Ìyá rẹ ní wọ́n jọ ìyàwó tó ń retí ọkọ.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí Shivaraju fi sáré dé, ó ní kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì sọ pé ó ń rẹ ìlà dígí mẹ́ta, iná wọn ti lọ sílẹ̀. Mo ní kò lè rẹ̀ wọ́n, a ṣẹ̀ṣẹ̀ súre fún wọn ni. Mo fi ayọ̀ mú un débẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà, mo bá gbé tèmi náà lérí. Ó ní, Bàbá, dígí kì í ríran tí ẹ bá kùn ún lójú. Mo bi í pé ṣé oòrùn kò mọ àmì ìbùkún ni? Ó na àkísà sí mi. A nu gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀gá àgbà sì gba káàdì mi lọ́rùn mi, ó ní ẹni tó ń ba dígí jẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́.

Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi dúró lẹ́yìn ọgbà wáyà, tí mò ń wo ibi tí igi àjàgbọn wa wà tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mi ò ta ilẹ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ ní kí n yé sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, òun náà sì ń fi etí aṣọ nu imú.

Lọ́jọ́ keje, Shivaraju mú fọ́ọ̀mù wá, ó ní bí mo bá kọ ọ́ dáadáa, òun á bá mi bẹ ọ̀gá. Fọ́ọ̀mù náà tojú bọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi mí pé ibo ni mò ń gbé, mo kọ ọ́ pé ẹ̀gbẹ́ Thimmakka. Ó bi mí pé irú ẹ̀jẹ̀ wo ló wà lára mi, mo kọ ọ́ pé pupa. Ó wá bi mí pé kí ni ìdí tí mo fi fẹ́ wọlé. Mo ronú títí. Mo kọ ọ́ pé bàbá mi gbẹ́ kànga mẹ́ta síbẹ̀, omi kò yọ, ó kú, mo gbẹ́ ẹ̀kẹrin. Pé ibẹ̀ ni ẹ̀pà tó rán ọmọ mi níwèé ti hù. Pé mi ò fẹ́ ṣe nǹkan kan níbẹ̀ ju kí n máa rí i lọ. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tó, mo bá kọ ọ́ yí etí ìwé po.

Ọ̀gá kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un kà. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀, kí a fi àmì wa sí ẹsẹ̀ irin tó gbé dígí ró, kí a má dé ojú rẹ̀. Ó wá mú káàdì mi, ó fi bírò fagi lé ibi tí wọ́n kọ “afọdígí” sí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ “onílẹ̀”, ó sì fi í kọ́ mi lọ́rùn padà.

Nítorí náà, bá mi wá ọ̀ọ́dúnrún rúpì, kí n fi ra àpò ọ̀rá fún káàdì náà, torí òógùn ti ń dé ara ọ̀rọ̀ yẹn. Má fi í sínú fóònù, ọwọ́ Thimmakka ni fóònù ń sùn, mi ò sì fẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà tí owó bá ń jáde. Fún kọ́ńdọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì kó mú un wá.

Wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì kò ní dá ọ padà níbi tí ìpín rẹ wà. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé kí lo wá ṣe, ìdáhùn kò ní wọ́n ọ lẹ́nu.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kariyappa, onílẹ̀.